Ìró Inú Sílíńdà Kẹta

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe àlá, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí ẹmu ń pa. Ọkọ̀ náà ṣì wà. Bí ẹ bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ sí Ìṣẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kó kòkó, ẹ óò rí i tí yóò kọjá: bọ́ọ̀sì àtijọ́ kan tó ń lo epo dísù, funfun, tí ọ̀dà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún ti ṣí. Ẹ óò gbọ́ bí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣe ń lọ geere, láìwúkọ́, láìhanrun. Àwọn awakọ̀ a máa yìn ín. Ọkùnrin tó tún un ṣe kì í dá wọn lóhùn.

Bọ́lárìnwá ni orúkọ ọkùnrin náà. Mẹkáníìkì ni, ọkọ̀ dísù nìkan ló sì ń tún ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níbi tí ìlú Ìkẹ́rẹ́ ti ń tán lọ́nà Ìṣẹ̀, níbi tí èèyàn ti lè gbójú sókè kó rí àpáta Olósùnta tó jókòó sí ọ̀ọ́kán bí àgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè ní kó dìde.

Etí ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Àwọn mẹkáníìkì yòókù, bí ọkọ̀ bá dé, sípánà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Òun kì í fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ní ọ̀pá irin kan tó gùn tó apá, tó ní ìdìmú igi. Yóò ní kí wọ́n tan ọkọ̀. Yóò gbé ẹnu irin lé ara ẹ́ńjìnì, yóò gbé ìdìmú igi lé egungun ẹ̀yìn etí, yóò sì dijú. Ìró gbogbo tó wà nínú irin gbígbóná yẹn á máa gba inú ọ̀pá wọ orí rẹ̀. Nígbà tó bá fi máa lajú, ó ti mọ ibi tó ń dùn ún. Àwọn awakọ̀ ń pè é ní dókítà. Fẹ́yìsayọ̀, ìyàwó rẹ̀, kì í pè é bẹ́ẹ̀.

"Bí èmi bá ń sọ̀rọ̀, tí irin náà ń sọ̀rọ̀," obìnrin náà a máa wí, "irin lẹ máa dá lóhùn, Bàbá Mọ́fẹ́."

Ẹ̀fẹ̀ ni. Wọ́n á jọ fi rẹ́rìn-ín, wọ́n á jọ jẹun.

Ọmọ Emùré ni Fẹ́yìsayọ̀. Ó lọ kí ìyá rẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, àìsàn òjijì sì dá a dùbúlẹ̀. Kí ọkọ rẹ̀ tó débẹ̀, wọ́n ti fi aṣọ bò ó lójú. Bọ́lárìnwá ní ọkọ̀ àjèjì kankan kò ní gbé aya òun wálé. Bọ́ọ̀sì dísù tirẹ̀ ni wọ́n tú ìjókòó inú rẹ̀, tí wọ́n sì gbé pósí sí. Òun fúnra rẹ̀ ló wà á. Victor, àbúrò Fẹ́yìsayọ̀, tó ń fi ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, jókòó sẹ́yìn, ó fọwọ́ di pósí mú.

Kí wọ́n tó ṣí, ìyá ẹni tó kú wá sí ẹnu fèrèsé ọkọ̀. Adébímpé ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá Emùré ni gbogbo wọn ń pè é. Kò sunkún. Ojú rẹ̀ gbẹ bí ewé kòkó tó já bọ́ ní ọ̀gbẹlẹ̀.

"Bàbá Mọ́fẹ́, n kò ní tẹ̀lé yín. Ìyá kì í rí sàréè ọmọ. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí mo wí. Bí o bá dé oríta, pè é. Bí o bá dé odò, pè é, má sì dákẹ́ títí afárá á fi tán. Òkú kì í dá odò kọjá. Ẹni tó ń gbé e lọ ló ń fà á lọ́wọ́."

"Mo ti gbọ́, Màmá."

"Ohùn rẹ ni ọwọ́ náà."

Bọ́lárìnwá kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, ṣùgbọ́n kò fi ojú tín-ín-rín wo ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tó dé oríta àkọ́kọ́, ó dá ọkọ̀ dúró díẹ̀. "Fẹ́yìsayọ̀, a ti dé oríta. Máa bọ̀." Ní oríta Ìṣẹ̀, ó tún wí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́.

Ìdákẹ́ yẹn ló dùn ún jù. Nígbà ayé rẹ̀, Fẹ́yìsayọ̀ kì í wọ ọkọ̀ kó má sùn. Bí ọkọ̀ bá ti dúró, á ta jí, á fi ohùn tó kún fún oorun bèèrè pé, "A ti dé bí?" Ọkọ rẹ̀ á ní, "Ó kù díẹ̀." Á tún sùn padà. Bí wọ́n ṣe ń rìn láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra wọn nìyẹn. Lọ́jọ́ yìí, ọkọ̀ dúró ní oríta méjèèjì, ẹnikẹ́ni kò bèèrè.

Láàárín Ìṣẹ̀ àti Ìkẹ́rẹ́, odò kan wà, tí afárá wà lórí rẹ̀. Wọ́n ti ń rí irin afárá náà lókèèrè nígbà tí ẹ́ńjìnì dún.

Kọ́.

Ìró kékeré ni. Nínú irú ọkọ̀ yẹn, ẹ́ńjìnì wà lábẹ́ ìdérí kan láàárín awakọ̀ àti ẹni tó jókòó tì í. Ó sún mọ́ ọ bí èèyàn. Kọ́. Bọ́lárìnwá tẹ orí sí i. Kò rò ó kó tó tẹ orí. Etí tó ti fi ń jẹun láti ìgbà èwe ló fà á. Kí ló ń dún? Irin wo ló ń kan irin? Kọ́. Kọ́. Nígbà tó gbé orí sókè, igi ẹ̀bá ọ̀nà ló rí níwájú. Afárá ti tán. Odò ti wà lẹ́yìn wọn.

Ó yẹ kó padà. Ó mọ̀ pé ó yẹ. Ṣùgbọ́n àwọn mọ̀lẹ́bí wà nínú ọkọ̀ tó tẹ̀lé e, olùṣọ́àgùntàn ti ń dúró létí sàréè, òjò sì ti ṣú. Báwo ni èèyàn ṣe máa sọ fún gbogbo wọn pé ẹ́ńjìnì ni òun ń gbọ́? Ó ń wa ọkọ̀ lọ. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ilé, ó pè é. Ó tún pè é. Ẹni tí a gbàgbé sétí odò kì í gbọ́ ìpè ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí ìsìnkú parí, Màmá Emùré pè é lórí fóònù.

"Ṣé o pè é ní odò?"

"Mo pè é, Màmá."

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni Victor wa ọkọ̀ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, tí ìrì ṣì wà lára gíláàsì.

"Bùọ̀dá, ẹ wá gbọ́ ọkọ̀ yín. Ó ń kan ilẹ̀kùn."

"Báwo ló ṣe ń kan ilẹ̀kùn?"

"Bí ẹni tí wọ́n tì mọ́ta."

Lawrence, tó ń lẹ táyà ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà, rẹ́rìn-ín. "Victor, ìwọ ni ìyàwó rẹ máa ń tì mọ́ta. Ọkọ̀ ti ń kọ́ ìṣe ọ̀gá rẹ̀."

Victor kò rẹ́rìn-ín. Òjò ti ń rọ̀ ní àkókò tí kò yẹ kó rọ̀. Kòkó wọn, tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ dá oko rẹ̀, wà nínú àpò lábẹ́ ahéré, lọ́nà Ìṣẹ̀. Bí kòkó bá pẹ́ nínú ọ̀rinrin, á bu. Bọ́ọ̀sì yẹn nìkan ló lè dé ahéré náà nínú ẹrẹ̀.

Bọ́lárìnwá ní kó tan ọkọ̀. Ó mú ọ̀pá irin rẹ̀. Sílíńdà mẹ́rin ló wà nínú ẹ́ńjìnì náà, ihò mẹ́rin tí dísù ti ń jó, tí agbára ọkọ̀ ti ń jáde. Ó gbọ́ ti àkọ́kọ́. Ó dára. Ó gbọ́ èkejì. Ó dára. Ó fo ẹ̀kẹta, ó lọ gbọ́ ẹ̀kẹrin. Ó dára. Ó wá gbé irin lé ẹ̀kẹta.

Kọ́. Kọ́. Kọ́.

Ó dijú. Lábẹ́ ìró náà, nǹkan mìíràn wà. Ó kọ́kọ́ rò pé atẹ́gùn ló ń jò níbì kan. Ó tẹ etí mọ́ igi. Ó ń wọlé, ó ń jáde. Ó ń wọlé, ó ń jáde. Èémí ni. Èémí ẹni tó sùn.

"Pa á," ni Bọ́lárìnwá wí.

Victor pa á. Ẹ́ńjìnì gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Bọ́lárìnwá kò gbé etí kúrò. Nínú ìdákẹ́ yẹn, láti inú irin tó ṣì gbóná, ohùn kan tó kún fún oorun bèèrè:

"A ti dé bí?"

Ọ̀pá irin bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí lẹ gbọ́?" Victor bèèrè.

"Kò sí nǹkan kan. Lawrence, wá bá mi gbọ́ nǹkan."

Lawrence nu ọwọ́, ó wá, ó gbé igi sétí. Wọ́n tan ọkọ̀, wọ́n tún pa á. Lawrence ronú díẹ̀.

"Mo gbọ́ ariwo. Mo sì gbọ́ ebi tó ń pa mí. Ṣé nǹkan míì wà tó yẹ kí n gbọ́?"

"Rárá. Lọ jẹun."

Bọ́lárìnwá ṣe ohun tí ẹni tó mọ iṣẹ́ máa ń ṣe. Ó ní kí Victor tún tan ọkọ̀. Ó fi sípánà tú ẹnu páìpù tí dísù ń gbà wọ sílíńdà kẹta, kí dísù má baà débẹ̀ mọ́. Ihò tí kò bá rí dísù kò lè jó. Òkú ihò ni. Bí ìró náà bá rọlẹ̀ nígbà yẹn, bẹ́ẹ̀rìn ló ti jẹ. Ìró náà rọlẹ̀. Ó mọ àrùn ọkọ̀ náà báyìí, kò sí iyèméjì kankan. Ó tún gbé etí sí i, bóyá òun á gbọ́ ìdákẹ́.

Òkú ihò náà ń mí.

"Bẹ́ẹ̀rìn sílíńdà kẹta ti jẹ," ni ó sọ fún Victor. Ohùn rẹ̀ tutù. "Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni, tó ń la irin méjì kí wọ́n má baà jà. Bí a bá ń wà á lọ báyìí, apá irin inú rẹ̀ á já, á sì lu ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì jáde. Ọkọ̀ tán nìyẹn."

"Ṣé ẹ ní bẹ́ẹ̀rìn tuntun?"

"Mo ní."

"Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lónìí, Bùọ̀dá. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ó dọ̀la."

Ọ̀la dé, ó tún ní ó dọ̀la. Bẹ́ẹ̀rìn tuntun wà nínú dúróò, nínú bébà olóròóró rẹ̀. Bọ́lárìnwá kò tú u. Lójú ìrọ̀lẹ́, bí àwọn èèyàn bá ti ń lọ sílé, tí Lawrence ti kó ẹ̀rọ rẹ̀ wọlé, á tan ọkọ̀ náà, á gbé orí lé irin. Á gbọ́ èémí. Á pa á. Á gbọ́ ìbéèrè. Á fi ẹnu kan irin náà, á dáhùn pé, "Ó kù díẹ̀." Èémí náà á tún máa lọ, á máa lọ sílẹ̀, títí irin á fi tutù.

Ẹni tí kò tíì sin èèyàn rí lè pè é ní wèrè. Ẹni tó ti sin èèyàn mọ̀ pé a máa ń tọ́jú fóònù òkú nítorí ohùn tó wà nínú rẹ̀. A máa ń fi ìrọ̀rí kan sílẹ̀ láìfọ̀. Ti Bọ́lárìnwá burú ju èyí lọ, nítorí ohun tó fi ń gbọ́ ìyàwó rẹ̀ ni ohun tó ń ba ọkọ̀ jẹ́. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá tan án, irin náà ń jẹ sí i. Bí ó bá tún un ṣe, yóò dákẹ́. Bí kò bá tún un ṣe, yóò fọ́, yóò sì dákẹ́. Kò rí ọ̀nà kẹta.

Victor padà wá. Ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀.

"Bùọ̀dá, àpò tó wà nísàlẹ̀ ti ń bu. Mo fi imú gbọ́ ọ."

"Mo ń wá ibi tó ń dùn ún."

"Ẹ ti mọ ibi tó ń dùn ún. Ọkọ̀ ni ẹ dì mọ́ yìí. Kì í ṣe ìyàwó yín."

Lawrence dá ọwọ́ dúró lórí táyà.

"Ẹ má bínú," Victor wí, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Èmi náà kò rí oorun sùn."

Ọmọ kan ṣoṣo ni Fẹ́yìsayọ̀ bí, Mọ́fẹ́yìsára, tó ń kàwé ní yunifásítì tó wà nínú ìlú. Òun ló ń dáná fún bàbá rẹ̀ láti ìgbà ìsìnkú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Victor wá yẹn, ó wá wò ó ní ṣọ́ọ̀bù.

"Dádì, iyán ti tutù."

Bàbá kò gbọ́. Orí rẹ̀ wà lórí ẹ́ńjìnì, ètè rẹ̀ ń mì. Ọmọbìnrin náà dúró títí ó fi gbé orí sókè. Ó rọra gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣe bó ṣe ń rí i tí bàbá rẹ̀ ń ṣe láti kékeré. Ó tan ọkọ̀. Ó pa á. Ó pẹ́ kó tó gbé etí kúrò. Ó fi gèlè rẹ̀ nu ìdìmú igi náà bí ẹni nu ojú ọmọ.

"Dádì, kí ló dé tí ẹ ń purọ́ fún Mọ́mì?"

"Irọ́ wo?"

"Pé ó kù díẹ̀."

Bọ́lárìnwá fẹ̀yìn ti táyà, ó yọ́ jókòó.

"Níbo ni Mọ́mì wà," ọmọ náà bèèrè, "tí wọn kò fi tíì dé?"

Nígbà náà ló sọ fún un. Oríta méjì, odò kan. Ìró tó fa etí òun. Ọmọ náà gbé ọ̀pá náà sílẹ̀. Ó mú fóònù, ó pe ìyá ìyá rẹ̀ ní Emùré. Ohun kan ṣoṣo ló sọ: "Màmá, ẹ máa bọ̀."

Màmá Emùré dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú uṣu mẹ́ta nínú apẹ̀rẹ̀, nítorí pé kò lè wọ ilé àna lọ́wọ́ òfo, ìbáà ṣe ilé ọ̀fọ̀. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó jìnnà sí ọkọ̀ náà. Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ nǹkan kan fún un. Bọ́lárìnwá tan ẹ́ńjìnì, ó pa á. Ìdákẹ́ bọ́ sílẹ̀. Ìyá àgbà náà, tí kò fi etí kan irin, tẹ orí sí ọ̀tún, ó sì wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé:

"Ó kù díẹ̀, ọmọ mi."

Irun orí Bọ́lárìnwá dìde.

"O purọ́ fún mi," Màmá Emùré wí, kò wo ojú rẹ̀.

"Mo purọ́, Màmá."

"Ọ̀fọ̀ ń purọ́. Gbọ́. Má tíì tún ọkọ̀ yìí ṣe. Ibi tí irin ti jẹ yẹn ni ọmọ mi dì mú. Bí o bá yọ ọ́, kí ló máa dì mú? Wà á lọ sí òdìkejì odò, kí o yí i padà. Láti orí afárá yìí dé orí afárá tọ̀hún, máa pè é. Ohun yòówù kí o gbọ́, má dákẹ́."

"Ẹ ó bá wa lọ?"

"Mo máa bọ́ọ́lẹ̀ ní Ìṣẹ̀, kí n wọ ọkọ̀ míì lọ sí ulé mi. Bí ó bá gbọ́ ohùn mi níbẹ̀, èmi ni yóò tẹ̀lé."

Wọ́n gbéra lọ́sàn-án. Bọ́lárìnwá ń wà á jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ẹyin. Mọ́fẹ́yìsára jókòó tì í, ìyá àgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣófo, wọn kò tíì dá ìjókòó inú rẹ̀ padà. Ẹ́ńjìnì ń dún bí ọmọ odó. Ìgbà méjì ló rò pé irin inú rẹ̀ ti fẹ́ já. Wọ́n já ìyá àgbà sílẹ̀ ní Ìṣẹ̀. Kò kí wọn pé ó dàárọ̀. Ó kàn fọwọ́ kan ara ọkọ̀, ó lọ.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí wọ́n yí padà. Ìkùukùu ti ń gòkè látinú odò. Kò sí ọkọ̀ mìíràn lójú ọ̀nà, kò sí ọlọ́kadà kankan. Bọ́lárìnwá ki ẹnu ọkọ̀ bọ orí afárá.

"Fẹ́yìsayọ̀, a ti dé odò. Máa bọ̀."

Kọ́. Kọ́. Kọ́.

"Fẹ́yìsayọ̀, odò nìyí. Mo dì ọ́ lọ́wọ́ mú. Máa bọ̀."

Nǹkan kan mì lẹ́yìn wọn. Ó dún bí ìgbà tí ẹni tó sùn bá yí padà lórí ìjókòó, bẹ́ẹ̀ ìjókòó kò sí níbẹ̀. Òórùn káńfọ̀ gba inú ọkọ̀ kan, èyí tí Fẹ́yìsayọ̀ máa ń fi sáàárín aṣọ. Mọ́fẹ́yìsára di apá aṣọ bàbá rẹ̀ mú. Kò wẹ̀yìn.

"Fẹ́yìsayọ̀, máa bọ̀. Fẹ́yìsayọ̀, máa..."

Wọ́n dé àárín afárá. Ìró náà dá.

Ó dá gẹ́lẹ́, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Ẹ́ńjìnì ń lọ geere bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Ẹ má bá Bọ́lárìnwá wí. Gbogbo ọmọṣẹ́ tó ti kọ́ níṣẹ́ ló ti sọ ọ́ fún: ìró tó bẹ̀rẹ̀ kò tó nǹkan, ìró tó dákẹ́ lójijì ni kí ẹ bẹ̀rù, nítorí irin ti já nìyẹn. Ó ti sọ ọ́ títí ó fi wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ dákẹ́. Orí rẹ̀ tẹ̀ sí ìdérí ẹ́ńjìnì. Kò tó ìgbà tí èèyàn fi ń gbé itọ́ mì.

"Dádì, ẹ pè wọ́n."

Ó gbé orí sókè. Ó ti ń gbọ́ ọ báyìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe nínú ẹ́ńjìnì.

Kọ́. Kọ́. Kọ́.

Ẹ̀yìn wọn ló ti ń wá, láti orí afárá tí wọ́n ti bọ́ sí i. Ó ń lọ sí ọ̀nà Ìṣẹ̀, sí ọ̀nà Emùré. Bọ́lárìnwá wo dígí. Kò sí ọkọ̀ kankan lẹ́yìn. Ìkùukùu nìkan ló ń ká kò lórí ọ̀dà.

Ó tẹ bùréèkì. Ó bọ́ sílẹ̀, ó pè é, ó pè é ní gbogbo orúkọ tó mọ̀ ọ́n sí. Mọ́fẹ́yìsára bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú, ó ń pe ìyá rẹ̀. Ìró náà dúró. Ó dúró bí ẹni tó gbọ́ ìpè lókèèrè, tí kò mọ ibi tó ti wá. Wọn kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ ju omi tó ń lọ nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kọ́. Kọ́. Ó ń kéré sí i. Ó yí kọ́nà. Ó tán.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́, Bọ́lárìnwá tú ẹ́ńjìnì náà. Kí ó tó tú u, ó tan án, ó gbé ọ̀pá sí sílíńdà kẹta. Irin lásán ló gbọ́. Ó tú u délẹ̀, ó yọ bẹ́ẹ̀rìn kẹta síta. Ó ti jẹ dé ibi tó pupa bí idẹ, etí rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ìpẹ́ ẹja, apá kan rẹ̀ ti kán. Ọkọ̀ tí bẹ́ẹ̀rìn rẹ̀ bá rí báyẹn gbọ́dọ̀ pariwo kó gba gbogbo àdúgbò kan. Èyí kò pariwo. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló tú bébà bẹ́ẹ̀rìn tuntun, nítorí pé kò sí ohun tó kù láti dá a dúró fún.

Victor gba ọkọ̀ náà padà. Ó kó kòkó tó kù jáde. Ó ní ọkọ̀ náà kò tíì dùn ún wà tó báyìí rí.

"Dókítà ti jí òkú dìde," ni Lawrence wí.

Bọ́lárìnwá wò ó. Lawrence tẹ orí sí táyà rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni fóònù dún. Màmá Emùré ni.

"Bàbá Mọ́fẹ́. Ta ló ń wa ọkọ̀ yín wá síwájú ulé mi?"

"Ọkọ̀ wo, Màmá?"

"Mo mọ ìró rẹ̀. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ó ń dé. Ó ń kọ́, ó ń kọ́, á dúró. Bí mo bá jáde, ilẹ̀ lásán ni."

Bọ́lárìnwá yíjú wo ìta. Bọ́ọ̀sì funfun náà wà níwájú ilé, Victor ń fọ ẹrẹ̀ táyà rẹ̀.

"Ó ń bèèrè nǹkan," ìyá àgbà wí.

"Kí lẹ dá a lóhùn?"

"Mo ní, ọmọ mi, o ti dé. Kò gbà. Ó tún bèèrè. Kì í ṣe èmi ló ń bi." Bọ́lárìnwá gbọ́ bí ó ṣe ṣí ilẹ̀kùn. "Ẹni tó ń wà á ló ń bi. Mo gbé fóònù síta fún ọ. Dá a lóhùn."

Bọ́lárìnwá gbé fóònù kúrò lẹ́nu, ó gbé e lé egungun ẹ̀yìn etí, níbi tí igi máa ń wà. Ó dijú. Ó gbọ́ atẹ́gùn Emùré. Ó gbọ́ adìẹ tó ń wọlé. Kọ́. Kọ́. Kọ́. Ó dá. Ìdákẹ́. Èémí kan ń wọlé, ó ń jáde.

"A ti dé bí?"

Bí ó bá ní wọ́n ti dé, ibẹ̀ ni obìnrin náà yóò bọ́ sí, lójú ọ̀nà, níbi tí sàréè rẹ̀ kò sí. Bí ó bá ní ó kù díẹ̀, yóò máa rìn. Ó ya ẹnu. Mọ́fẹ́yìsára, tó ń bó uṣu nítòsí, dá ọ̀bẹ dúró. Ó rí i tí ètè bàbá rẹ̀ mì. Kò gbọ́ ohun tó sọ, kò sì bi í títí di òní.

Màmá Emùré kò gbọ́ ọkọ̀ náà mọ́ níwájú ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé lẹ́bàá ọ̀nà, láti Ìṣẹ̀ dé odò, ń gbọ́ ọ lójú ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ dísù àtijọ́ kan ni, tí bẹ́ẹ̀rìn rẹ̀ ti jẹ. Wọ́n á fa ọmọ wọn kúrò lójú ọ̀nà fún un. Ṣùgbọ́n ohunkóhun kì í kọjá. Ìró náà á máa lọ títí yóò fi dé orí afárá, á dúró níbẹ̀, á dákẹ́, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n pe òun.